Bí A Ṣe Ń Se Sùpàgẹ́tì Tó Ki Láìfi Mílíìkì Sí I, Pẹ̀lú Ẹ̀fọ́ Àkọ́rọ̀ Òjò

"Ìyàwó mi, ṣé ọbẹ̀ yìí ò ti kan báyìí?"

Ohun tí ìyá ọkọ mi bi mí nìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan ní Ìkéré, nígbà tí mo gbé sùpàgẹ́tì alágbọn kalẹ̀ níwájú wọn. Kò kan o. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fọ́ àgbọn. Ṣùgbọ́n òróró ti dá dúró sókè, omi ti lọ sísàlẹ̀, nǹkan funfun wínníwínní sì léfòó káàkiri láàárín wọn. Mo ní, "Rárá, mà, ó kàn là ni." Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n rọra ti àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní ṣé kò sí iyán nílé ni.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kíyè sí i pé ibi kan náà ni gbogbo wa ti ń ṣubú. Ọbẹ̀ á là lórí iná. Tàbí kí ó dára nínú ìkòkò, kí ó wá yọ̀ kúrò lára sùpàgẹ́tì bí a bá ti bù ú sáwo, kí ó ṣe adágún sísàlẹ̀. Tàbí kí ẹ̀fọ́ tú omi sí i, kí gbogbo rẹ̀ wá ṣàn bí omi ìfọwọ́. Ọkọ mi kò lè mu mílíìkì. Ife tíì kan tó bá ní in nínú, inú rẹ̀ á máa kùn títí di ìrọ̀lẹ́. Irú wọn pọ̀ láàárín wa, nítorí ohun tó ń da ṣúgà inú mílíìkì nínú ìfun máa ń dín kù lára ọ̀pọ̀ ènìyàn bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Nítorí náà mi ò lè fi mílíìkì tún ọbẹ̀ náà ṣe. Mo ní láti mọ ohun tó ń mú kí ó ki.

Kì í sì í ṣe mílíìkì. Sítáàṣì ni, pẹ̀lú ọ̀rá tí sítáàṣì dì mú tí kò jẹ́ kí ó sá lọ. Inú kajú la ti máa rí díẹ̀ nínú sítáàṣì yẹn. Ìyókù wà nínú omi tí a fi se sùpàgẹ́tì, tí àwa ń dà sí gọ́tà lójoojúmọ́.

Ohun tí ẹ máa pèsè

Ó máa tó ènìyàn mẹ́rin, tàbí márùn-ún tí kò jẹun púpọ̀. Níbikíbi tí mo bá ti dárúkọ ife, ife mílílítà 250 ni mo ní lọ́kàn.

- Sùpàgẹ́tì ọ̀rá kan, gírámù 500.
- Àgbọn gbígbẹ ńlá kan. Ẹ mì í létí kí ẹ tó sanwó. Èyí tí omi ò bá dún nínú rẹ̀ mọ́ ti ń bàjẹ́ lọ. Ẹ wo ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀ pẹ̀lú. Bí wọ́n bá tutù rinrin tàbí tí wọ́n bu, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín.
- Kajú tí wọ́n ti bó, gírámù 150. Agolo mílíìkì kékeré méjì tí kò kún dẹ́nu ni. (Agolo yẹn nìkan ni ọ̀nà tí mílíìkì máa gbà yọjú nínú oúnjẹ yìí.)
- Tẹ̀tẹ̀ ìdì méjì, ṣọkọ ìdì kan, àlùbọ́sà eléwé ìdì kékeré kan.
- Olú tútù, ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta.
- Àlùbọ́sà ńlá kan, aáyù ẹyọ mẹ́rin, ata rodo kan tàbí méjì.
- Irú, ṣíbí ìjẹun kan. Ẹ má yọ ọ́ kúrò. Òun ló dúró ní ipò wàràkàṣì tí àwọn òyìnbó ń rin sórí tiwọn.
- Òróró ẹ̀pà, ṣíbí ìjẹun mẹ́ta.
- Ọsàn wẹ́wẹ́ kan, àti iyọ̀.
- Ògì tútù, ṣíbí ìjẹun kan, tí ẹ máa fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan de ọjọ́ ìṣòro.

Ẹ tún nílò ìkòkò ńlá kan, páànù tó fẹ̀, blẹ́ńdà, ohun tí ẹ fi ń rin ilá, àti aṣọ mímọ́ bíi èyí tí a fi ń sẹ́ ògì.

Bí ó bá jẹ́ pé nítorí ẹni tí kò gbọ́dọ̀ jẹ mílíìkì rárá lẹ ṣe ń se oúnjẹ yìí, ẹ ka ẹ̀yìn gbogbo ike àti ọ̀rá tí ẹ bá fẹ́ lò. Ọ̀pọ̀ bọ́tà tí a ń pè ní ti ewébẹ̀ ní èròjà mílíìkì nínú. Páúdà funfun tí a ń dà sí kọfí pàápàá, tí wọ́n kọ sí i lára pé kì í ṣe mílíìkì, sábà máa ń ní "casein", èròjà tí wọ́n fà yọ lára mílíìkì. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń sè é nílé kan tí mo mọ̀ ti kó sí i: wọ́n yẹra fún mílíìkì, wọ́n wá fi ṣíbí mẹ́ta páúdà yẹn dí àlàfo rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá sì wà nílé tí ara rẹ̀ kò gba kajú, ẹ má dán an wò. Ẹ fi ẹ̀gúsí tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ bákan náà rọ́pò rẹ̀. Ẹ kàn mọ̀ pé ẹ̀gúsí máa ń dì bí iná bá pọ̀. Ohun tí à ń wá nínú ọbẹ̀ iyán ni, a kò fẹ́ ẹ níbí. Ẹ jẹ́ kí iná rẹ̀ rẹlẹ̀ ju bí mo ṣe máa sọ lọ, kí ẹ sì lo ògì yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀.

1. Ẹ rẹ kajú

Ẹ da omi gbígbóná lé kajú kí ó bò ó mọ́lẹ̀. Bí blẹ́ńdà yín bá lágbára, ààbọ̀ wákàtí tó. Bí ó bá jẹ́ irú tèmi tó máa ń kérora kí ó tó lọ ata, ẹ ti rẹ ẹ́ láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Funfun tí wọn kò yan ló dára jù. Kajú inú ìgò tí wọ́n ń tà lójú títì, yíyan ni; ó ṣe é lò bí iyọ̀ rẹ̀ kò bá pọ̀, ẹ kàn fi omi ṣan án dáadáa. Ọbẹ̀ yín á pọ́n díẹ̀, á sì ní òórùn ohun yíyan. Kò burú.

Ìkìlọ̀ kan wà tí mi ò gbọ́dọ̀ fò. Ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ ń rọ̀ ni kajú ń já bọ́ nínú oko káàkiri Èkìtì, ó sì lè wù yín láti ṣa ti ara yín kí ẹ fọ́ ọ nílé. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Òróró tó wà nínú èèpo kajú tútù máa ń bó awọ ara bí iná, èéfín rẹ̀ sì lè ṣe ojú àti ọ̀fun léṣe. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe bó o.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti rọ̀: ẹ fi èékánná tẹ ẹyọ kan. Bí ó bá pín sí méjì láìjà, ó ti tó.

2. Ẹ fún omi àgbọn lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ má sì pa méjèèjì pọ̀

Ẹ fọ́ àgbọn, kí ẹ gbọ́n omi inú rẹ̀ sínú ife, kí ẹ tọ́ ọ wò. Bí ó bá kan tàbí tó dà bí ọṣẹ lẹ́nu, ẹ ju gbogbo rẹ̀ nù. Kò sí bí ẹ ṣe lè fi aáyù bo adùn àgbọn tó ti bàjẹ́. Bí ó bá dára, ẹ mu ún. Ẹ fi ọ̀bẹ yọ ẹran rẹ̀, kí ẹ bó awọ pupa ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ kí ọbẹ̀ funfun, kí ẹ wá rin ín.

Ẹ da ife omi gbígbóná kan lé e. Kì í ṣe omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hó. Èyí tí ìka lè fara dà fún ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Ẹ fi ọwọ́ pò ó mọ́ra, kí ẹ máa fún un bí ẹni ń fọ aṣọ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ẹ wá fi aṣọ sẹ́ ẹ sínú abọ́ kan. Omi àkọ́kọ́ nìyí, ó máa ń nípọn. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ tún da ife omi gbígbóná méjì lé èérí tó kù, kí ẹ fún un bákan náà, kí ẹ sẹ́ ẹ sínú abọ́ mìíràn. Omi kejì nìyẹn. (Ẹ má da èérí náà nù. Àwọn ọmọ mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣúgà àti páànù ṣe sí i.)

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí gan-an ni ti Ìkéré ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Omi àgbọn kì í ṣe omi lásán. Ẹ̀kán ọ̀rá kéékèèké ló fọ́n ká sínú omi, èròjà amáradàgbà inú àgbọn ló sì yí wọn ká tí wọn kò fi lè dara pọ̀ mọ́ ara wọn. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó hó gan-an, èròjà yẹn á dì, bí funfun ẹyin ṣe ń dì. Ọ̀rá kò ní olùtọ́jú mọ́. Gbogbo rẹ̀ á rọ́ sókè di òróró. Bí àwọn ará àtijọ́ ṣe ń fún àdí àgbọn nìyẹn, wọ́n á sè é títí tí òróró á fi yọ. Èmi ní tèmi mo ṣe àdí àgbọn láìmọ̀, mo sì gbé e fún ìyá ọkọ mi jẹ.

Ìdí tí a fi pín in sí méjì nìyí. Omi kejì tí ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀ ló máa bá iná jà. Omi àkọ́kọ́ máa dé ní ìparí, nígbà tí iná ti rọlẹ̀.

Bí ẹ bá ra omi àgbọn inú agolo (èyí funfun tó nípọn, tí wọ́n kọ "coconut milk" sí lára, kì í ṣe omi mímu inú àgbọn; mílílítà 400 ló sábà máa ń jẹ́), ẹ lo ìdajì bó ṣe wà gẹ́gẹ́ bí omi àkọ́kọ́, kí ẹ bu omi la ìdajì kejì títí ó fi pé ife kan àti ààbọ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ ki ìka méjì bọ inú omi àkọ́kọ́, kí ẹ fi wọ́n ra ara wọn. Ó yẹ kí ó máa yọ̀, kí òróró díẹ̀ sì kù lára wọn. Bí ó bá dà bí omi lásán, ẹ kò fún un tó, tàbí ẹ bu omi jù.

3. Ẹ lọ̀ ọ́ títí tí kò fi ní yanrìn mọ́

Ẹ da omi tí ẹ fi rẹ kajú nù. Ẹ da kajú sínú blẹ́ńdà pẹ̀lú ife kan àti ààbọ̀ nínú omi kejì, kí ẹ lọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ sinmi, kí ẹ tún lọ̀ ọ́.

Iná mànàmáná lè lọ ní àárín iṣẹ́. Bí ó bá lọ, ẹ má kánjú gbé kajú lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń lọ ata ládùúgbò. Bó ti wù kí wọ́n fọ ẹ̀rọ yẹn tó, ata àná wà níbẹ̀, ọbẹ̀ yín á sì pupa, á ta. Ọlọ ilé sàn jù ú lọ. Bí kò bá sí ọlọ, ẹ dúró de iná.

Àyẹ̀wò: ẹ kán an sí ìka, kí ẹ fi ìka méjì rà á. Kò yẹ kí ẹ gbọ́ yanrìn kankan. Bí ẹ bá ṣì gbọ́ ọ, ẹ fi aṣọ àgbọn yẹn sẹ́ ẹ.

4. Ẹ̀fọ́ àti olú

Ẹ já tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, kí ẹ fọ̀ wọ́n, kí ẹ sọ wọ́n sínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú kan péré, kí ẹ kó wọn sínú omi tútù kíá. Lẹ́yìn náà ẹ fún wọn, kí ẹ tún wọn fún. Ẹ má fi káún sí i. Ewé á rọ̀ jù, adùn rẹ̀ kò sì bá àgbọn mu. Omi dúdú tí ẹ fi bọ tẹ̀tẹ̀ kò wúlò fún sùpàgẹ́tì, ẹ dà á nù.

Gbúre ni mo máa ń kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn lé lórí. Ó pọ̀ lásìkò yìí, kò wọ́n, ó sì rọ̀. Ṣùgbọ́n omi ló kún inú rẹ̀, kò sì ní dẹ́kun títú u sílẹ̀ títí tí ẹ fi máa jẹun tán. Ẹ fi í pamọ́ fún ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ewúro ńkọ́? Rárá.

Ní ti olú: ẹ má rẹ ẹ́ sómi, ńṣe ló máa mu ún. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún, kí ẹ gé ibi tó bá ní yẹ̀pẹ̀ kúrò, kí ẹ fi ọwọ́ ya á. Èyí tó ń hù nídìí òkìtì ikán lẹ́yìn òjò dùn ju èyíkéyìí tí mo tíì jẹ lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó mọ̀ ọ́n, tí wọ́n ń pàtẹ rẹ̀ sórí ewé lẹ́bàá títì, ni kí ẹ ti rà á. Ẹ má fi ojú ara yín ṣa olú tí ẹ kò mọ̀ nínú igbó, nítorí pé sísè kì í yọ májèlé olú. Bí ẹ kò bá rí i rà, ẹ fò ó. Bí ó bá sì ti di oṣù kẹfà tí àgbàdo tútù ti dé, ẹ bó àgbàdo méjì kúrò lára kùùkù rẹ̀, kí ẹ fi rọ́pò olú. Omi funfun tó ń jáde lára àgbàdo máa tún ọbẹ̀ yín ki sí i.

Àyẹ̀wò fún ẹ̀fọ́: ẹ ká a sọ́wọ́ bí òkèlè, kí ẹ gbé e sórí páálí gbígbẹ kan. Bí páálí bá tutù láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un fún.

5. Ìpìlẹ̀ ọbẹ̀

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ èyí, ẹ gbé omi sùpàgẹ́tì (ìwọ̀n rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀) sórí iná kejì, kí ó lè máa hó bọ̀. Sítóòfù kan ṣoṣo lẹ ní? Ẹ parí ọbẹ̀ kajú, kí ẹ gbé e sọ̀, kí ẹ wá se sùpàgẹ́tì. Yóò dúró dè yín.

Ẹ gbé páànù fífẹ̀ kaná, kí ẹ da òróró sí i. Bí ó bá ti gbóná díẹ̀, ẹ da àlùbọ́sà tí ẹ rẹ́ wẹ́wẹ́ sí i pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ tí ẹ fi ìka mú. Iná kékeré. Ẹ jẹ́ kí ó rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ẹ kò fẹ́ kí ó pọ́n. Ẹ fi aáyù, ata rodo àti irú sí i, kí ẹ rò ó títí tí òórùn irú fi máa gba ilé. Ẹni tó wà ní yàrá máa béèrè pé ẹ̀fọ́ rírò ni ẹ ń sè bí. Ẹ má dá a lóhùn.

Ẹ da olú sí i, kí ẹ mú iná pọ̀ díẹ̀. Olú máa kọ́kọ́ tú omi, lẹ́yìn náà omi yẹn máa gbẹ. Ẹ dúró kí ó gbẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ní sùúrù ibí yìí, omi olú wá di àlékún sínú ọbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá gbọ́ tí olú bẹ̀rẹ̀ sí í dún ṣáṣá nínú òróró, ẹ dín iná kù pátápátá, kí ẹ da kajú lílọ̀ sí i. Ẹ máa fi ṣíbí onígi rò ó, kí ṣíbí máa kan ìsàlẹ̀ páànù. Fún ìṣẹ́jú méjì ó máa dà bíi pé kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, lójijì, ó máa ki, bí ògì ṣe máa ń ki nígbà tí omi gbígbóná bá kàn án. Sítáàṣì kajú ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Bí ó bá ki ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ, ẹ má fòyà, omi ń bọ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ ti ṣíbí bọ̀ ọ́, kí ẹ fa ìka kọjá ní ẹ̀yìn ṣíbí náà. Bí ojú ọ̀nà tí ìka yín là kò bá padà dí, ọbẹ̀ ti ṣe tán. Ẹ pa iná rẹ̀.

6. Sùpàgẹ́tì, àti omi rẹ̀

Fún gírámù 500, ẹ lo omi lítà méjì àti ààbọ̀, ìyẹn ife mẹ́wàá. Wọ́n lè ti sọ fún yín pé ó yẹ kó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí omi bá pọ̀, sítáàṣì inú rẹ̀ á fẹ́lẹ́. Omi díẹ̀ là ń fẹ́, kí sítáàṣì rẹ̀ lè ki. Ẹ fi iyọ̀ ṣíbí ìjẹun kan tí kò ga sí i.

Bí omi bá ti ń hó yàà, ẹ ki sùpàgẹ́tì bọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ṣẹ́ ẹ sí méjì, ẹ ṣẹ́ ẹ. Kò sí ẹni tó máa wá mú yín. Ẹ máa rò ó ní ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́, nítorí ìgbà yẹn ló máa ń lẹ̀ mọ́ra.

Ẹ má da òróró sínú omi náà. Mo mọ̀ pé gbogbo ilé ló ń ṣe é. Òróró yẹn á bo ara sùpàgẹ́tì, ọbẹ̀ kò sì ní rí ibi dì mú.

Ẹ wo iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára ọ̀rá, kí ẹ yọ méjì kúrò nínú rẹ̀. Nígbà tó bá pé, ẹ bu ife méjì nínú omi náà sọ́tọ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Mo ti gbàgbé rí, mo ti dúró ti gọ́tà tí mo ń wò ó bó ṣe ń ṣàn lọ. Ní báyìí, inú asẹ́ ni mo máa ń gbé ife kalẹ̀ sí, kí n má bàa lè lo asẹ́ láìrí i.

Lẹ́yìn náà ni ohun tó ṣòro jù fún wa: ẹ má fi omi tútù ṣan sùpàgẹ́tì náà. Ìrẹsì la ti kọ́ àṣà yẹn. A máa ń bọ ìrẹsì, a máa ń ṣan án, sítáàṣì rẹ̀ á lọ, a ó wá dà á sínú ọbẹ̀ ata kí ó lè jinná ní ẹyọ-ẹyọ. Sùpàgẹ́tì jọ̀lọ́ọ̀fù náà lè fara dà á, nítorí inú ọbẹ̀ ló ti máa jinná tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣan ti òní ti fọ gọ́ọ̀mù kúrò lára rẹ̀. Ọbẹ̀ á yọ̀ bọ́ bí omi lára ewé kókò.

Àyẹ̀wò: ẹ gé ẹyọ kan sí méjì, kí ẹ wo àárín rẹ̀. Ó yẹ kí ẹ rí àmì funfun tín-ín-rín bí ojú abẹ́rẹ́. Lẹ́nu, ó rọ̀, ó ṣì ní agbára díẹ̀. Omi tí ẹ bù sọ́tọ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣú bí omi ìfọ̀rẹsì. Bí ẹ bá lè rí ìsàlẹ̀ ife kedere, omi yín ti pọ̀ jù. Ẹ kó sùpàgẹ́tì jáde, kí ẹ jẹ́ kí ìyókù omi inú ìkòkò hó sí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ tún bu òmíràn.

7. Ìpàdé wọn

Ẹ tún tan iná sábẹ́ ọbẹ̀ kajú, kí ó má pọ̀ jù. Ẹ fi ààbọ̀ ife omi sùpàgẹ́tì là á, kí ẹ wá da sùpàgẹ́tì sí i bó ṣe tutù rinrin yẹn. Ẹ máa gbé e sókè kí ẹ máa yí i padà, ìṣẹ́jú méjì gbáko. Ẹ má dúró. Yíyí yìí ló ń po ọ̀rá àti omi mọ́ra. Sùpàgẹ́tì náà ń parí jíjinná rẹ̀, ó sì ń fa ọbẹ̀ sínú. Bí ó bá gbẹ, ẹ fi omi díẹ̀ sí i. Ẹ má da gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ wá dín iná kù tó bí èyí tí ẹ fi ń mú oúnjẹ gbóná de ẹni tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ìgbà yìí ni omi àgbọn àkọ́kọ́ máa wọlé. Ẹ dà á yí ká, kí ẹ rò ó. Èéfín lè máa jáde, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ìhó kan ṣoṣo, ẹ gbé e kúrò lórí iná.

Ẹ tú ẹ̀fọ́ tí ẹ fún ká sínú rẹ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà eléwé tí ẹ gé, kí ẹ yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ pa iná. Iná ti kú tán kí ẹ tó fún ìdajì ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ohun kíkan pẹ̀lú iná ń la omi àgbọn kíákíá, ìdí nìyẹn tí n kò fi fi tòmátì sínú oúnjẹ yìí rárá. Ẹ tọ́ iyọ̀ wò níkẹyìn, nítorí irú àti omi sùpàgẹ́tì ti mú tiwọn wá.

Àyẹ̀wò: ẹ bù ú sí àwo, kí ẹ ka ọgọ́ta, kí ẹ dagun àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí omi bá yọ́ wá sí etí àwo, ẹ dá a padà sí páànù, kí ẹ yí i fún ìṣẹ́jú kan sí i. Bí ọbẹ̀ bá dúró sára sùpàgẹ́tì, ẹ máa jẹun. Ẹja yíyan bá a lọ dáadáa, kò sì sí mílíìkì lára ẹja.

Bí ó bá là síbẹ̀síbẹ̀

Ẹ gbé e kúrò lórí iná kíá. Ẹ po ògì ṣíbí kan yẹn pẹ̀lú omi tútù ṣíbí mẹ́ta, kí kókó má sí nínú rẹ̀. Ẹ dà á sí ọbẹ̀, kí ẹ dá a padà sórí iná tó kéré jù, kí ẹ máa rò ó sọ́nà kan náà títí ó fi máa ki. Ògì á di òróró tó ti sá lọ mú padà. Kíkan díẹ̀ tó bá mú wá kò ṣe nǹkan. Ó tilẹ̀ ń ṣe bíi wàràkàṣì lẹ́nu. Ohun tí ògì kò lè tún ṣe ni àwọn wóró funfun tó ti dì. Bí wọ́n bá pọ̀, ẹ kó sùpàgẹ́tì kúrò, kí ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ tún un lọ̀ nínú blẹ́ńdà.

Ìyókù

Omi àgbọn kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú ooru. Bí ẹ kò bá ní fíríìjì tó ń tutù, ẹ se ìwọ̀n tí ẹ máa jẹ tán lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá ní in, ẹ gbé e wọlé láàárín wákàtí méjì. Ẹ má dé ìkòkò pa nígbà tó ṣì ń gbóná. Lọ́jọ́ kejì ẹ máa bá a bí ó ti dì gbagidi, nítorí sùpàgẹ́tì ti mu ọbẹ̀. Ẹ fi omi ṣíbí díẹ̀ là á lórí iná kékeré, kí ẹ máa yí i títí ó fi máa tú.

Ìgbà kejì tí mo sè é ní Ìkéré, kò sí ìyókù. Ìyá ọkọ mi jẹ àwo tiwọn tán, wọ́n nu ẹnu, wọ́n ní ó dùn, wọ́n wá bi mí pé ìgbà wo ni iyán máa dé.